Lẹ́tà Tí Ààfáà Wa Nílò Lọ́wọ́ Yín

Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń darapọ̀ mọ́ wa, nọ́ọ̀sì ni mí, ìpínlẹ̀ Maryland ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà níbí ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, torí iṣẹ́ kan wà nílẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ lè ṣe é jù.

Ọ̀rọ̀ Ààfáà mọ́sálásí wa ni. Mi ò ní dárúkọ wọn. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti wá, kí wọ́n lè máa ṣíwájú wa kírun, kí wọ́n sì máa kọ́ àwọn ọmọ wa ní kéú. Nígbà tí bàbá mi kú, aago méjì òru ni mo pe Ààfáà. Kílẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti dé. Àwọn ni wọ́n wẹ òkú bàbá mi, àwọn ni wọ́n kírun sí i lára. Lẹ́yìn náà wọ́n jókòó ti màmá mi, wọ́n ń fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀ títí ẹkún fi dá.

Físà R-1, ti òṣìṣẹ́ ẹ̀sìn, ni Ààfáà fi wọlé. Ọdún 5 péré ni òfin fàyè gbà. Tó bá pé, tí àyè àtibéèrè green card kò sì tíì kàn wọ́n, àfi kí wọ́n jáde nílùú. Oṣù 7 ló kù.

Kí ló fa ìdádúró? Ìsọ̀rí EB-4 ni wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀sìn sí. Bíi 10,000 ni gbogbo ayé ń pín níbẹ̀ lọ́dún, àwọn ọmọ tí òbí ti pa tì náà sì wà lórí ìlà kan náà. Ní 2025, ìparí oṣù kejì ni ti ọdún náà ti tán, ó di oṣù kẹwàá kí òmíràn tó jáde. Kì í ṣe wàhálà àwa Mùsùlùmí nìkan. Dáyósíìsì Kátólíìkì ti Paterson, ní New Jersey, pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2024. Ní oṣù kẹrin 2025, Sẹ́nétọ̀ Tim Kaine, Susan Collins àti Jim Risch gbé àbá òfin kan kalẹ̀ pé kí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ lè dúró síbí títí yóò fi kàn wọ́n.

Àwa ńkọ́, kí la lè ṣe? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Àánú Ààfáà ṣe mí, mo bá wọn wá iṣẹ́ alẹ́, kí wọ́n máa sun ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan, kówó lè wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, o ṣeun, ṣùgbọ́n ìwé mi ò gbà á." Òótọ́ ni. Ẹni tó wà lórí R-1 kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí ìjọ tó kọ̀wé fún un. Oore tí mo fẹ́ ṣe ì bá ba ọ̀rọ̀ wọn jẹ́.

Ohun tí ìjọba ń wò ni pé ẹni náà ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀sìn fún ọdún 2 gbáko láìdáwọ́ dúró, pé iṣẹ́ tí ìjọ fẹ́ gbà á sí yóò tó wákàtí 35 lọ́sẹ̀, àti pé ìjọ lágbára àtisanwó. Wọ́n lè wá wo mọ́sálásí náà fúnra wọn. Nítorí náà, sàráà tí ẹ ń fún Ààfáà kò burú, ṣùgbọ́n kò lè dípò owó oṣù tó gba inú ìwé kọjá. Lẹ́nu iṣẹ́ wa ní ọsibítù, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, a ò ṣe é nìyẹn.

Ẹ wá kọ lẹ́tà. Ẹ má kọ "èèyàn dáadáa ni wọ́n" lásán. Ẹ kọ ọdún tí ẹ mọ̀ wọ́n, ọjọ́ tí wọ́n ń kọ́ ọmọ yín, ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú tí wọ́n ṣe fún yín. Ohun tí ojú yín rí nìkan ni kí ẹ kọ o. Irọ́ kan ṣoṣo lè sọ gbogbo òótọ́ yòókù di irọ́. Lẹ́tà yìí kò lè dípò ìwé tí mọ́sálásí fúnra rẹ̀ máa kọ, àmọ́ ó lè ti ìwé náà lẹ́yìn. Kí lọ́yà kà á kó tó lọ.

Àwọn ìyá àgbà wa náà ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, Yorùbá ni wọ́n á sì fi sọ ọ́. Ẹ bá wọn kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì láìyọ nǹkan kan kúrò. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ yóò fọwọ́ sí i pé òun gbọ́ èdè méjèèjì, ìtumọ̀ náà sì pé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Yorùbá tí ẹ rò pé kò wúlò níbí, òun ló dé yìí.

Mo ti kọ tèmi. Aago méjì òru yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, tí kéú bá parí, mo máa gbé kọ̀ǹpútà mi wá sí mọ́sálásí. Ẹ mú ìyá yín dání. Ó dìgbà kan ná.