Ibi tí Ajé Gúnlẹ̀ Sí: Ọ̀rọ̀ Ẹ̀kọ́ àti Àìdọ́gba ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀



Orúkọ Ajégúnlẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tí a ń bọ Ajé. Ṣùgbọ́n èbúté Àpápá ni Ajé tó ti òkun wá ń sọ̀ sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ti ń já ẹrù, ibẹ̀ ni owó ibodè ti ń wọ àpò ìjọba. Ọ̀pọ̀ alábàárù, mẹkáníìkì àti olóúnjẹ tí èbúté náà ń jẹ lágbára wọn, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ń padà sí lálẹ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ènìyàn 684,105 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ajeromi-Ìfẹ́lódùn, níbi tí Ajégúnlẹ̀ wà. Ti Àpápá jẹ́ 217,362, bẹ́ẹ̀ sì ni ilẹ̀ Àpápá ju ìlọ́po méjì tiwọn lọ.

Kì í ṣe òfin ni a kò ní. Ọdún 1955 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Èkó, tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, gba tirẹ̀ ní 1957. Láti 1979 ni Alàájì Lateef Jakande ti sọ ẹ̀kọ́ dọ̀fẹ́ káàkiri Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó sì fòpin sí kí àwọn ọmọ kan máa lọ láàárọ̀, kí àwọn mìíràn máa lọ lọ́sàn-án. Òfin ọdún 2004 sì sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ kàwé fún ọdún mẹ́sàn-án lọ́fẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ náà ní iye. Òbí ni yóò ra aṣọ, bàtà àti ìwé. Bí kíláàsì bá kún jù, òbí yóò gbé ọmọ lọ sí iléèwé aládàáni kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Nígbà tí ìjọba Èkó ka àwọn iléèwé aládàáni ní 2010 sí 2011, wọ́n ju 12,000 lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni òtòṣì ń san owó ibẹ̀. Bí kò bá rí i san, wọn a lé ọmọ padà sílé. Owó tí ọmọ ìbá sì pa bí ó bá kiri ọjà, iye ẹ̀kọ́ ni òun náà. Àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ Àpápá àti ọmọ alábàárù yóò jọ ṣe ìdánwò WAEC kan náà, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti gbéra kò dọ́gba. Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù gbé Odion Ighalo jáde ní Ajégúnlẹ̀, orin sì gbé Daddy Showkey jáde. Mélòó ni yóò gba ọ̀nà yẹn?

Ìdẹ́yẹsí pàápàá ní iye owó. Ní iléèwé kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bọ́ ìdè Ifá ọwọ́ rẹ̀ kí ó tó wọ kíláàsì. Baba rẹ̀ mú un kúrò. Ó san owó ìwọlé tuntun, ó ra aṣọ tuntun, ó ra ìwé tuntun. Owó ìtanràn ni baba náà san nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, bí kò tilẹ̀ dé kóòtù. Bẹ́ẹ̀ abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ní ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀sìn rẹ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ọmọ ilé-ìwé kópa nínú ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí Èkó fi òfin yìí jà pa pọ̀ lórí híjáàbù títí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi dá wọn láre ní June 2022. Àwa ńkọ́? Kálukú ń yọ ọmọ tirẹ̀ ní jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀ wá fún. Èkíní, kí ilé kọ̀ọ̀kan yọ díẹ̀ nínú owó ọdún, kí a dá àjọ fún owó WAEC àti ìwé. N kò ní kí a má ṣọdún. Mo ní kí ọmọ wà nínú ọdún náà. Kí a má sì béèrè ẹ̀sìn ọmọ kí a tó ràn án lọ́wọ́. Yorùbá, Ìjọ̀, Ìgbò àti Ùròbò ló jọ ń gbé Ajégúnlẹ̀. Bí àwa náà bá ń ṣa ọmọ lẹ́ṣà, a kò sàn ju ẹni tó ní kí a bọ́ ìdè. Èkejì, ẹni tí wọ́n bá dẹ́yẹ sí, kí ó kọ ọjọ́ àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀, kí a jọ kọ lẹ́tà sí iléèwé náà. Bí lẹ́tà kò bá ṣiṣẹ́, kí a jọ wá lọ́yà.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìṣẹ̀ṣe ni ilé tiwa. Kí Ajé gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ gbogbo wa, kí ó sì bá àwọn ọmọ wa ní kíláàsì.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.