Ilé Ọ̀pọ̀ Ìdílé Kì í Ṣe Ilé Ìyà

(Ọ̀rọ̀ tí akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, ṣáájú ìdìbò lórí ilẹ̀ tí a rà)

Ẹ̀yin tí ẹ ti iṣẹ́ òru bọ̀ tí ẹ kò tí ì fojú kan oorun, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ gbé ọkọ̀ kalẹ̀ nítorí ìpàdé yìí, ẹ ṣeun. N kò ní í pẹ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Àwa ogójì ènìyàn ni a dá owó ra ilẹ̀ pulọ́ọ̀tì mẹ́wàá. Kí ni kí a fi ṣe? Àwọn kan ní kí a gé e, kí ẹni mẹ́wàá tí ó lówó mú pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, kí a sì dá owó àwọn tí ó kù padà fún wọn. Àwọn mìíràn ní kí a kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa yóò jọ máa gbé. Ti èkejì yìí ni mo wà lẹ́yìn rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ó ń ba yín lẹ́rù. Bí a bá ti ní ilé ọ̀pọ̀ ìdílé, fesi-mi-ai-fesi-yu ni ó máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èmi náà gbé inú rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá. Yàrá mẹ́wàá kọjú sí ara wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan tí ó ṣókùnkùn, ilé ìdáná kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan. Aago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni a ti ń tò pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, kí a má baà pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó ṣe wá. Kì í ṣe pípọ̀ tí a pọ̀ ni ó fìyà jẹ wá. Iye yàrá tí yóò máa gbowó lé lórí ni ẹni tí ó kọ́ ilé náà rò. Kò ro afẹ́fẹ́, kò ro omi, kò ro ìgbọ̀nsẹ̀.

Irú ìyà yìí jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ìlú òyìnbó rí. Ní Vienna, olú-ìlú Austria, ṣáájú ogun 1914, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó ń gbé ilé tí ẹ̀rọ omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún gbogbo ayálégbé. Lẹ́yìn ogun náà, ẹgbẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ dìbò fún gba ìjọba ìlú. Ní 1923 wọ́n gbé owó orí ilé kalẹ̀, àwọn olówó tí ó ní ilé ńlá sì ni ó ń san jù. Kí ó tó di 1934, wọ́n ti kọ́ fúláàtì tí ó lé ní 60,000. Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà ni Karl-Marx-Hof, tí wọ́n ṣí ní 1930. Fúláàtì 1,382 ni ó wà nínú rẹ̀. Yàrá wọn kò tóbi, ṣùgbọ́n ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ omi àti ìgbọ̀nsẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n jọ ní ilé ìfọṣọ, ilé ìwé àwọn ọmọ kéékèèké àti ilé ìkàwé. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ọgbà. Títí di òní ènìyàn ń gbé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Ní 1955, ìgbìmọ̀ LEDB tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1928 bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kúrò nínú ilé tí wọ́n fẹ́ wó, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ilé titun náà dára ju ti àtijọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó jìnnà sí ọjà, ó jìnnà sí ẹbí. Owó ọkọ̀ jẹ èrè àwọn oníṣòwò. Ilé tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí owó ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀, ọ̀wọ́n ni. Ilẹ̀ tiwa wà létí ọ̀nà ọkọ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi ṣòfò.

Láàrin 1979 sí 1983, nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba rẹ̀ kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé sí Ìsọlọ̀, Ìbà, Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, Ìpọ̀nrí àti ibòmíràn. Kò sí ọ̀ṣọ́ lára wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé tí kò lérò pé àwọn lè nílé di onílé. Orúkọ Jakande ni a ṣì fi ń pè wọ́n. Àléébù tí ó wà ni pé àwọn kan ti gbó gidigidi. Òrùlé àti sọ́kàwéè tí gbogbo ènìyàn jọ ni, bí kò bá sí owó àtúnṣe, kì í ní olùtọ́jú. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Báwo ni a ó ṣe kọ́ tiwa? Ilé márùn-ún, alájà mẹ́rin mẹ́rin, fúláàtì méjì ní àjà kọ̀ọ̀kan. Ogójì ìdílé nìyẹn. Ìpìlẹ̀ kan àti òrùlé kan yóò sin ìdílé mẹ́jọ. Kí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ wà lórí ara wọn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí páìpù kan náà lè sin gbogbo wọn. Kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan ní fèrèsé níwájú àti lẹ́yìn, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé kí ó sì jáde. Kí ojú ilé kọ sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà sun wá. A kò ní í kọjá àjà mẹ́rin, nítorí bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè yóò di dandan, owó iná rẹ̀ yóò sì pa wá. Nínú òkúta ọ̀ṣọ́ àti géètì ńlá ni kí a ti ṣọ́wó ná. A kò gbọdọ̀ ṣọ́wó ná nínú ìpìlẹ̀, irin àti sìmẹ́ǹtì, nítorí ilé tí ó bá wó kò mọ òṣìṣẹ́ yàtọ̀.

Ẹnìkan bi mí pé, "Kí ni ọmọ mi yóò jogún?" Ìbéèrè gidi ni. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà. Nítorí náà, kí a gba ìwé ìjọba kí a tó da búlọ́ọ̀kù kan sílẹ̀, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní ìwé fúláàtì tirẹ̀ lọ́wọ́. Kí a tún fi sínú òfin wa pé olúkúlùkù yóò máa san owó àtúnṣe lóṣooṣù, bí ó ti wù kí ó kéré mọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá gé ilẹ̀ yìí, ẹni mẹ́wàá yóò di onílẹ̀. Ọgbọ̀n yòókù yóò gba owó tí kò lè ra ilẹ̀ mọ́, wọn yóò sì padà sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ṣókùnkùn. Nígbà tí a ń jà fún owó oṣù, a kò ní kí ẹni mẹ́wàá gbà kí ọgbọ̀n máa wò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ rántí èyí bí ẹ bá ń dìbò.