Ìdádúró Iṣẹ́ Ilé: Àwáwí Wo ló Ṣeé Gbà?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé ẹ̀ka wa ní Ṣàgámù)

 

Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n ní kí n bá yín sọ. Láti Ṣàgámù dé Ìkẹ́nnẹ́, pátákó àwọn tó ń kọ́lé tà pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Òṣìṣẹ́ ń san díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mìíràn ń kó owó jọ san án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á ní bó bá di oṣù méjìdínlógún, a ó gba kọ́kọ́rọ́. Oṣù á pé, kọ́kọ́rọ́ kò ní dé. Bí a bá bi agbaṣẹ́ṣe léèrè, yóò ní, "Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ náà ju agbára wa lọ." Ẹni tó sanwó ń san owó ilé fún onílé rẹ̀, ó sì tún ń san owó ilé tí kò tíì wọ̀. Ẹrù méjì lórí ọrùn kan.

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe gbogbo àwáwí ni irọ́. Ó yẹ kí àwa tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ mọ èyí ju ẹlòmíràn lọ. Ẹ̀rọ ń bàjẹ́, táyà ń bẹ́ lójú ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀gá gba tiwa rò, kí àwa náà gba ti ẹlòmíràn rò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé nìyí: àwáwí ní òṣùwọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí agbaṣẹ́ṣe kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà, tí kò lè rí tẹ́lẹ̀, tí ó tètè sọ fún wa, tí kò sì gbà ju iye ọjọ́ tí ó dí iṣẹ́ lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó jẹ́ òótọ́. Ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Àbújá àti ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò sí agbaṣẹ́ṣe tó lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwáwí gidi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù rẹ̀. Ká tilẹ̀ ní ó gba oṣù mẹ́ta kí òṣìṣẹ́ àti ohun èlò tó padà pé, oṣù mẹ́ta náà ni kí a fi kún ọjọ́ àdéhùn. Ẹni tó fi kòrónà bẹ̀bẹ̀ fún ọdún mẹ́ta ti kúrò lójú òtítọ́.

Ẹ wo òjò. Ta ni kò mọ̀ ní Rẹ́mọ pé láàrin oṣù kẹta sí ìkẹrin ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, pé ó máa ń pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà, pé ó ń sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ kó tó tún padà dé? Àgbẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì fi ń ṣètò oko rẹ̀. Omíyalé tí a kò rí irú rẹ̀ rí yàtọ̀ sí òjò ọdọọdún. Agbaṣẹ́ṣe tó ka oṣù láì ka òjò mọ́ ọn, ìṣirò rẹ̀ ló kùnà.

Bákan náà ni ọ̀nà. Oṣù keje ọdún 2013 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí Julius Berger gba ti Èkó dé Ṣàgámù, tí RCC sì gba ti Ṣàgámù dé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ẹ̀yin awakọ̀ fi jẹ ìyà súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbẹ̀. Ẹni tó fọwọ́ sí àdéhùn ilé ní ọdún 2016, tó wá ní ọ̀nà ni kò jẹ́ kí òkúta dé, ohun tó ń fojú rí nígbà tó ń fọwọ́ sí i ló wá ń pè ní àjálù.

Èyí tó wọ́pọ̀ lẹ́nu wọn jù ni ọ̀wọ́n sìmẹ́ńtì. Láti ọdún 1978 ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì ti wà ní Ṣàgámù níbí, síbẹ̀ wíwà nítòsí kò ní kí owó rẹ̀ má gòkè. Ní ọdún 2023, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, náírà sì já wálẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù kejì ọdún 2024, àpò sìmẹ́ńtì ti wọ́n débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn oníléeṣẹ́ jọ, wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000. Gbogbo wa ló dùn. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀wọ́n lásán lè tú àdéhùn?

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò wa ń tọ́ka sí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́hìn ogun Hitler, àwọn agbaṣẹ́ṣe kan tí ń jẹ́ Davis gbà láti kọ́ ilé 78 fún ìgbìmọ̀ ìlú Fareham láàrin oṣù 8. Òṣìṣẹ́ kò tó, ohun èlò kò tó, oṣù 22 ni iṣẹ́ náà gbà. Wọ́n ní kí ilé-ẹjọ́ sọ pé àdéhùn ti dópin, kí wọ́n lè gba owó tó ju èyí tí wọ́n jọ sọ. Ní ọdún 1956, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní pé iṣẹ́ le, tàbí pé ó ná ni lówó ju bí a ti rò lọ, kò tú àdéhùn. Àfi bí ohun tó ṣẹlẹ̀ bá sọ iṣẹ́ náà di ohun mìíràn pátápátá. Ìlànà yìí ni àwọn ilé-ẹjọ́ Nàìjíríà náà ń lò. Ṣùgbọ́n bí ìwé yín bá ti sọ pé kí owó máa gòkè bí ọjà bá ṣe ń gòkè, ìwé yẹn ni yóò ṣe ìdájọ́. Nítorí náà, ẹ ka ìwé kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku èyí tó kan ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ gbọ̀ngbọ̀n. Nínú ìwé àdéhùn púpọ̀, wọ́n ń to àjálù lẹ́sẹẹsẹ: ogun, iná, omíyalé, àjàkálẹ̀ àrùn, ìyanṣẹ́lódì. Bí gbogbo orílẹ̀-èdè bá yanṣẹ́ lódì, kò sí ohun tí agbaṣẹ́ṣe kan lè ṣe sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ àwọn bíríkìlà rẹ̀ ní owó oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló fà á? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyà tó fi jẹ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín ṣe àwáwí láti fi ìyà jẹ ẹ̀yin náà.

Ẹ wo apá tiyín pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń forí ji agbaṣẹ́ṣe bó bá pẹ́, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá fi oṣù kan pẹ́ san, ìtanràn ni. Bí ilé iṣẹ́ bá ti ilẹ̀kùn, tí owó oṣù kò sì jáde, ṣé ìyẹn kò ju agbára òṣìṣẹ́ lọ? Òṣùwọ̀n tí a fi wọ̀n fún Táyé ni kí a fi wọ̀n fún Kẹ́hìndé.

Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018, tí àjọ FCCPC ń mójútó, sọ pé ẹni tí a ń ṣiṣẹ́ fún ní ẹ̀tọ́ pé kí iṣẹ́ parí lákòókò, àti pé bí ìdádúró tí kò ṣeé yẹ̀ bá wà, kí a tètè fi tó o létí. Agbaṣẹ́ṣe tó dákẹ́ títí ọjọ́ fi kọjá kò ṣe ohun tí òfin wí.

Kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín, ẹ rí i pé ìwé sọ nǹkan márùn-ún wọ̀nyí:

1. Ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí gan-an. "Láìpẹ́" kì í ṣe ọjọ́.

2. Àwọn ìdíwọ́ tí a ó gbà, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ìyanṣẹ́lódì tí agbaṣẹ́ṣe fúnra rẹ̀ fà má sí lára wọn.

3. Iye ọjọ́ tí yóò fi kọ ìwé sí yín bí ìdíwọ́ bá dé, pẹ̀lú ẹ̀rí.

4. Pé àfikún ọjọ́ kò ní ju èyí tí ìdíwọ́ gbà lọ, àti ìgbà tí ẹ lè gba owó yín padà bó bá pẹ́ jù.

5. Pé owó yóò máa tẹ̀ lé iṣẹ́: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé.

Ẹ gbé ìwé náà fún agbẹjọ́rò. Bó bá wọ́n fún ẹnì kan, kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ dá owó jọ san án.

Àwọn baba wa ní pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n akólòlò ń sapá lójú wa. Agbaṣẹ́ṣe tó bá ń sapá, tó sì ń sọ ibi tí nǹkan dé, ẹ ní sùúrù fún un. Èyí tó panu mọ́, ẹ jẹ́ kí ìwé bá a sọ̀rọ̀.

 Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.