Abúlé tí ó di Ìlú Ńlá: Ilẹ̀, Ènìyàn àti Ọrọ̀ Ajé Alímọ̀ṣọ́

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ àti ọrọ̀ ajé. Ìdáhùn mi ni pé ìtàn kúkúrú ni orúkọ ìlú jẹ́, ìtàn kíkà sì ni iṣẹ́ wa.

Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ wà nínú Ẹkùn Ìkẹjà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ìkẹjà, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè ni aládùúgbò rẹ̀ ní ìlà-oòrùn. Ọ̀jọ́ àti Amúwo-Ọ̀dọ̀fin wà ní gúúsù. Bí a bá sì kọjá Ayọ̀bọ̀ díẹ̀, a ti wọ Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ilẹ̀ oko ni ilẹ̀ yìí ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ ọ̀sà bí ti Erékùṣù Èkó.

Àwọn orúkọ rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Abúlé Ẹ̀gbá sọ ohun tí ó jẹ́, ó sì sọ ìran tí ó ń gbé ibẹ̀. Ìyànà-Ìpájà kì í ṣe orúkọ ìlú rárá; ibi tí ọ̀nà ti yà sí Ìpájà ni. Ìṣẹrì-Ọlọ́fin mú wa rántí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre, tí àwọn Àwórì ń pè ní baba ńlá wọn. Ìtàn ẹnu sọ pé awo ni ó tẹ̀ lé lórí omi, pé ibi tí awo náà ti rì ni ó tẹ̀dó sí, àti pé gbólóhùn “awo ti rì” ni ó bí orúkọ Àwórì.

Orúkọ mìíràn tún wà lórí ti àtijọ́. Gowon Estate, Shagari Estate, àti àwọn ilé tí ìjọba Lateef Jakande kọ́ sí Abẹ́ṣàn láàárín 1979 sí 1983, fi hàn wá pé ìjọba gan-an ni ó kó èrò wá sí ilẹ̀ oko. Àwọn ẹlòmíràn tẹ̀ lé wọn: Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ègùn, Ìgbò, Haúsá. Àwọn ọmọ onílẹ̀ gé oko sí póòtù, wọ́n sì tà á. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni irè oko tí wọ́n tà kẹ́yìn.

Kí ni àwọn ènìyàn ń jẹ nísinsin yìí? Ọjà ni. Ọjà Ìkòtún kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni. Katangowa sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ra aṣọ òkìríkà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn a jí kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a wọkọ̀ lọ sí Ìkẹjà, Àpápá tàbí Erékùṣù, wọn a sì padà ní òru. Alímọ̀ṣọ́ ń fi òṣìṣẹ́ ránṣẹ́ sí Èkó ní òwúrọ̀. Ní ti Èkó, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ wá sí ààtàn Solous ní Ìgàndó.

Ibí ni ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, ìjọba àpapọ̀ ka 1,277,714 ènìyàn ní Alímọ̀ṣọ́. Òǹkà tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe fúnra rẹ̀ ju mílíọ̀nù 2 lọ. Èyí tí ó wù kí a gbà, òun ni ó pọ̀ jù nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tí òfin mọ̀ ní Èkó. Ní 2003, ìjọba Èkó pín in sí mẹ́fà: Àgbàdo/Òkè-Odò, Ayọ̀bọ̀/Ìpájà, Alímọ̀ṣọ́, Ègbé/Ìdímù, Ìkòtún/Ìgàndó àti Mọ́sàn/Òkúnọlá. Ìjọba àpapọ̀ bínú, ó sì dáwọ́ owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró. Ní oṣù Kejìlá 2004, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ pé Ààrẹ kò ní àṣẹ láti dá owó náà dúró, ṣùgbọ́n pé ìpín náà kò tíì parí títí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ yóò fi fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni Alímọ̀ṣọ́ jẹ́ nínú ìwé Àbújà. Kánò, tí iye rẹ̀ ju mílíọ̀nù 9 lọ bí ti Èkó nínú ìkànìyàn kan náà, ní 44.

Apá ńlá nínú owó ìjọba ìbílẹ̀ ni a sì ń pín dọ́gba-dọ́gba, láìwo iye orí. Ìlú ńlá ń gba ìpín abúlé.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ yín fún. Kí àwọn tí ó mọ òfin má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí sùn. Kí àwa tí a mọ èdè sì tọ àwọn àgbà Àwórì lọ, kí a kọ ìtàn orúkọ wọnyí sílẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó lè sọ ọ́ ṣì wà.