Kọ̀ǹpútà Ọ́fíìsì Wa Hó Bí Ràdíétọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ní Ìlá-Ọ̀ràngún

A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ yín wá gbọ́. A óò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fún wa láyè díẹ̀ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀rọ kékeré tó wà lórí tábìlì akọ̀wé, nítorí pé díẹ̀ ló kù kí ó sọ wá di olè lójú ará ìlú.

Ẹ rántí pé a ti pa ìwé lẹ́jà ńlá tì láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti ra kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí gbogbo wa ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Inú rẹ̀ ni orúkọ yín wà, inú rẹ̀ náà ni àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ tí olúkúlùkù ń san wà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, opó ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ wa tó dolóògbé wá gba owó ìrànwọ́ tí ẹgbẹ́ máa ń fún ẹbí ẹni tó bá kú. Akọ̀wé tan ẹ̀rọ, ó ń wá orúkọ, ẹ̀rọ kú. Ó tún un tàn, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ìdí rẹ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fọwọ́ lé e. Obìnrin náà jókòó sórí bẹ́ńṣì nínú aṣọ ọ̀fọ̀, ó ń wò wá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ṣé orúkọ ọkọ mi ni kò sí níbẹ̀ mọ́?"

Kò sí ẹni tó lè dá a lóhùn nínú wa. A mọ̀ pé ọkọ rẹ̀ sanwó títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ẹnu lásán ka owó ẹgbẹ́ síta? Nínú ọ̀rọ̀ owó, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ló bàjẹ́, gbogbo wa la mọ irú ojú tí aráyé fi ń wò ó. A bẹ obìnrin náà kí ó máa lọ ná, kí ó padà wá. Ó dìde, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Èyí tó tẹ̀lé e, ọwọ́ àwa fúnra wa ló ti wá, a kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ọ̀kan nínú wa ní eruku ló kún inú rẹ̀, pé kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ fọ́kanáísà kí ó fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ. Gbogbo wa ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ń fẹ́ táyà tírélà ni a kó wọ inú ohun tí fáànù rẹ̀ kò ju ìdérí ife lọ! Fáànù náà ké bí fèrè. Eruku díẹ̀ jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyókù wọnú lọ, omi tó máa ń wà ní ìsàlẹ̀ táǹkì kọ̀mpírẹ́sọ̀ sì tẹ̀lé e. Láti ọjọ́ náà ni fáànù wa ti ń dún bí ẹ̀rọ ata. Kò sí ẹ̀bi fọ́kanáísà níbẹ̀. Iṣẹ́ tí a bẹ̀ ẹ́ ló ṣe.

Lẹ́yìn náà ni a tó lọ bá ọmọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nígboro. Ẹ mọ bí irú ìsọ̀ bẹ́ẹ̀ ti rí. Àwọn kan gbé fóònù wá ṣájì, àwọn kan kò gbé nǹkan kan wá, àríyànjiyàn ni wọ́n wá ṣe. Bí a ti ń wọlé ni a bá wọn lórí ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine. Ẹnì kan ní ogun òyìnbó ni, kí ló kan ará Ìlá? Awakọ̀ kan nínú wa dá a lóhùn pé láti ìgbà tí ogun náà ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 2022 ni dísù àti ìyẹ̀fun búrẹ́dì ti gbówó lórí, pé ẹni tó bá ń jẹ búrẹ́dì ti wà lójú ogun. Ẹlòmíràn ní kì í ṣe ogun ló pa wá lára bí kò ṣe owó ìrànwọ́ orí epo tí ìjọba yọ ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí bẹntiróòlù tí kò tó igba náírà fi fò sókè sí bíi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ariwo sọ. Àwa náà dá sí i, ẹ má bínú. Ẹgbẹ́ wa kò gbè sẹ́yìn òṣèlú kankan, ṣùgbọ́n ẹnu wa kò dí.

Ọmọkùnrin náà kò dá sí i. Ó ń tú síkúrù. Nígbà tó ṣí ìdí ẹ̀rọ náà, ó pè wá, ó ní kí a wá wo ohun tó wà níbẹ̀. Eruku pupa Ìlá ti dì mọ́ ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó le bí tìmùtìmù. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ràdíétọ̀ yín ló dí."

Ọ̀rọ̀ yìí la fẹ́ ṣàlàyé fún yín, nítorí pé nígbà tó fi ọkọ̀ ṣe àpẹẹrẹ ló tó yé wa. Nínú láptọ́ọ̀pù, ohun kan wà tí kò tóbi ju èékánná lọ, òun ni ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Iná mànàmáná tó ń jẹ, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà nígbẹ̀yìn. Wọ́n gbé abala bàbà pẹlẹbẹ lé e lórí, ọ̀pá bàbà kan sì ti ibẹ̀ jáde. Inú ọ̀pá yìí ṣófo, omi díẹ̀ ni wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀. Níbi tó ti gbóná, omi náà á di oruku, á sáré lọ sí ìpẹ̀kun kejì tó tutù, á tún di omi níbẹ̀, á sì ṣẹ́ padà. Kò nílò pọ́ǹpù. Ní ìpẹ̀kun kejì yìí ni wọ́n to irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí bí ti ràdíétọ̀ gẹ́lẹ́, fáànù sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Àwọn àgbà wa tó ti ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin Òṣogbo rí mẹ́ta rẹ̀ rí: irin gbígbóná, omi tó ń tù ú, àti ọ̀nà tí ooru ń bá jáde. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, kí ni a retí?

Ẹ̀rọ náà gbọ́n ju ọ̀pọ̀ awakọ̀ lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dárí jì wá. Nígbà tí ooru rẹ̀ bá ń sún mọ́ 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó máa ń dín eré rẹ̀ kù fúnra rẹ̀. Bí ooru kò bá sì rọlẹ̀, á pa ara rẹ̀. Ikú tí a rí níwájú opó yẹn kì í ṣe ikú. Ó ń gba ara rẹ̀ là ni. Mélòó nínú wa ló ń rí géèjì ooru tó ń gòkè, tí a óò ní a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ìkìrun, ká máa lọ bẹ́ẹ̀, títí gásíkẹ́ẹ̀tì fi jó?

Kí ló wá dí i? Eruku ọyẹ́ jẹ ọ̀kan. Èkejì ni pé akọ̀wé wa máa ń gbé ẹ̀rọ náà lọ sílé lálẹ́, orí bẹ́ẹ̀dì ló ti ń ṣe ìṣirò, ó fi ìrọ̀rí tẹ́ ẹ nídìí. Ó rò pé òun ń kẹ́ ẹ. Ìdí láptọ́ọ̀pù náà ni ó fi ń mí. Ẹni tó bá gbé e lé ìrọ̀rí, aṣọ tàbí itan, imú ló dì mọ́ ọn. Tábìlì tàbí pákó ni ààyè rẹ̀. Ọmọkùnrin náà mú ìdérí ìgò omi méjì, ó fi wọ́n sí abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ gbọn eruku rẹ̀, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ sì yọ wáyà bátìrì inú kí ẹ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ ni ẹ fi gbọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ, kí ó jẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́rẹ́ tó gbẹ, kí ẹ sì fi ìka di fáànù mú kí ó má yí. Ìyẹn ni a kò mọ̀ lọ́dọ̀ fọ́kanáísà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó fún ọ́fíìsì wa: nígbà tí ọyẹ́ bá kásẹ̀ nílẹ̀, àti lẹ́yìn òjò.

Láàárín ọpọlọ ẹ̀rọ àti abala bàbà, ohun funfun tàbí eérú kan bí ọ̀dà wà níbẹ̀ tó ń dí ihò tí ojú kò lè rí láàárín wọn, kí ooru lè kọjá. Tiwa ti gbẹ, ó ti ń ya. Wọ́n fi sípíríìtì nù ún, wọ́n fi tuntun sí i, kò ju ẹyọ ìrẹsì kan tàbí méjì lọ. Mẹkáníìkì kan lára wa ti ní kí a fi gíríìsì sí i. A dúpẹ́ pé a kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí a gbé e sínú fíríìjì. Ẹ wo bí omi ti máa ń là sára ìgò mínírà tí a gbé jáde nínú fíríìjì. Irú omi bẹ́ẹ̀ ni yóò là sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní tiyín nílé, a bẹ̀ yín, ẹ má fi í sílẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ nínú oòrùn. Ooru ń sọ bátìrì di arúgbó, bí ẹ sì ti ń fi ṣájà sí i lọ́sàn-án lóru láì yọ ọ́, ẹ ń fi kún ọjọ́ orí rẹ̀ ni. Bí bátìrì bá wú, tó ń ti ibi tí a ń fi ìka fọ̀ sókè, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀. Ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà. Iná lè sọ nínú rẹ̀. Nígbà tí iná ìjọba bá sì lọ, ẹ yọ ṣájà, torí pé bí iná náà bá ń padà bọ̀, ó máa ń wọlé bí aṣọ̀tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó fìdí múlẹ̀ ná.

Ibi tí ọmọkùnrin náà ti ń nu bàbà ni àríyànjiyàn ti tún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ogun òkèèrè kò kàn wá. Àgbà kan dá a lóhùn láti inú Kírìjì, ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwa Ìgbómìnà wà nínú Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, síbẹ̀ tí bùdó kò tú títí di 1893. Ó ní ìbọn ìgbàlódé tí àwọn ọmọ wa ní Èkó rà ránṣẹ́ ló yí ogun náà padà, pé ta ni ó ṣe ìbọn náà, ta ni ó sì jèrè rẹ̀? Gbogbo ilé dákẹ́ díẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọkùnrin yìí tó sọ̀rọ̀. Ó na ìka sí ohun tíńtín kan nínú ẹ̀rọ, ó ní irin kan tó ń jẹ́ tantalum wà nínú irú nǹkan báyìí, coltan ni wọ́n ti ń yọ ọ́, ìlà oòrùn Kóńgò sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibi tí wọ́n ti ń wà á. Rubaya, tó jẹ́ ibi ìwakùsà coltan ńlá, àwọn ọmọ ogun M23 ló gbà á ní 2024. Oṣù kìn-ín-ní 2025 ni wọ́n gba ìlú Goma. Cobalt inú bátìrì náà, ó lé ní ìdajì èyí tí ayé ń wà lọ́dún tó ń ti Kóńgò wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá gúúsù ni tirẹ̀ wà. Ó ní, "Ènìyàn ń kú nítorí ohun tí ẹ ní kí n fi kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ yìí."

A kò ní ọ̀rọ̀ láti fi dá a lóhùn. Ẹni tó ní ogun kò kàn wá gbé fóònù rẹ̀, ó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà ti ń ṣiṣẹ́. Orúkọ olóògbé wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó tó san, kò sí oṣù kan tó fò. Opó rẹ̀ ti gba owó rẹ̀, ó sì ti fọwọ́ síwèé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá nígbà tí a ronú pé ẹ̀dà kan ṣoṣo la ní. Láti oṣù yìí lọ, ẹ̀dà kejì yóò máa wà nínú fíláàṣì lọ́wọ́ alága, ẹ̀dà kẹta yóò máa wà lórí ìwé, a óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan kí ẹnikẹ́ni lè ka owó rẹ̀. A sì ti gbé lẹ́jà àtijọ́ jáde.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí a ta ẹ̀rọ náà, kí a ra tuntun. Àwọn kan ní fáànù nìkan ni kí a pààrọ̀, kí owó tó kù wà fún àwọn opó. A kò tíì fi ẹnu kò. Bí ẹ bá gbọ́ tí nǹkan ń kùn lórí tábìlì yẹn, òun náà ni.

Ìwé ti oṣù yìí wà lára ògiri lẹ́yìn yín. Ẹni tí kò bá rí orúkọ rẹ̀ kí ó wí báyìí. Ó yá, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ló kàn.