Okùn Ràkúnmí àti Eegun Tó Ṣẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá eegun tí Ó sì fi ẹran bò ó. Kí ikẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ta ni ń gba ojú ọ̀nà Ìkòròdú kọjá tí kò mọ Ìgbòbì? Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Ní 1945 ni ó di ilé ìwòsàn eegun. Kò jìnnà sí Yaba, Mushin àti Surulere. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ kì í dé ilé ìwòsàn àfi nígbà tí ẹsẹ̀ bá ti dúdú. Ìbẹ̀rù wọn ni pé dókítà yóò gé e.

Ẹ jẹ́ kí òye ọ̀rọ̀ náà yé ènìyàn. Bí eegun bá ṣẹ́, ibẹ̀ a máa wú. Bí ẹni tí ń to eegun nílé bá fi igi àti aṣọ dè é pinpin, ìwú náà kò ní ríbi gbà. Yóò fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pa. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹran tí ẹ̀jẹ̀ kò dé yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Èyí tí ó bá sì ti kú, kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó lè jí i. Gígé ni ó kù láti fi gba ẹ̀mí là. Ìdè líle ni ó gba ẹsẹ̀ náà kí ó tó dé ọwọ́ dókítà.

Àwọn kan a máa wí pé Ọlọ́hun ni Oníwòsàn, ońdè àti àdúà sì tó. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́hun ni ń wòsàn, ṣùgbọ́n ońdè kò sí nínú ẹ̀sìn. Ọkùnrin kan bi Ojiṣẹ́ Ọlọ́hun bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun tó gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun fi í sílẹ̀ láìso. Ànábì pàṣẹ fún un pé kí ó so ó ná, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun.

Okùn ẹni tí eegun rẹ̀ ṣẹ́ nìyí. Kí ó tètè lọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ewé tàbí ọ́ìlì sí ojú egbò. Kí ó jáwọ́ nínú sìgá, nítorí ó ń dí jíjinná eegun lọ́wọ́. Kí ó jẹ́wọ́ àtọ̀gbẹ bí ó bá ní i. Kí ó má fi abẹ fá irun ojú ibi tí wọn yóò ṣiṣẹ́ sí nílé, torí ojú abẹ ni kòkòrò ń gbà wọlé. Kí ó pa ẹnu mọ́ kúrò nínú oúnjẹ ní àkókò tí dókítà bá dá, kí èébì má baà wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lójú oorun iṣẹ́ abẹ. Bí wọ́n bá sì ní kí ó dìde rìn, kí ó dìde, nítorí ẹ̀jẹ̀ a máa dì sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá dùbúlẹ̀ pẹ́. Bí ìka bá tutù, tí ó ṣú, tí ìrora sì ń pọ̀ sí i lábẹ́ POP, kí wọ́n sáré gbé e padà lójú ẹsẹ̀.

Nígbà mìíràn ẹ̀pa kì í bóró mọ́. Urwah ọmọ Zubayr, onímọ̀ ńlá ìlú Mẹ̀dínà, gbà kí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ti ń jẹrà. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò dín. Ẹni tí kò lè dúró kírun, kí ó jókòó. Ẹni tí kò lè jókòó, kí ó dùbúlẹ̀. Ẹni tí wọ́n de POP fún, kí ó fi ọwọ́ tútù pa á lórí nígbà àlùwàlá.

Ojúṣe ìjọ ni ìyókù. Ìbẹ̀wò aláìsàn dára, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ àti owó iṣẹ́ abẹ ni ó sábà máa ń dá aláìní dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ara yín le, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Kí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ya díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú sàká àti sàráà, kí aláìní má baà tìtorí owó padà sọ́dọ̀ ẹni tí yóò fi igi dè é pa.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn ní àlàáfíà, kí Ó sì ṣọ́ àwọn arìnrìn-àjò. Àmín.