Ilẹ̀ àti Ẹ̀rọ: Ọwọ́ Kan Kò Gbé Igbá Dé Orí

 

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá. Ní Ìdọ̀fìàn, tí kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà sí Ìlọrin, ni ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tí ń rin gbágùúdá níbẹ̀. Wọ́n ti ṣe èyí tí ń pa ẹ̀pà. Kí wá ni ó dé tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ìgbèríko wa kò fi tíì kúrò lórí ọkọ́ àti àdá? Kì í ṣe ọgbọ́n ni a ṣe aláìní.

Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní 1837, alágbẹ̀dẹ kan ní Illinois, John Deere, fi irin dídán ṣe ohun ìtúlẹ̀, nítorí pé amọ̀ ilẹ̀ ọ̀dàn ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ohun ìtúlẹ̀ àtijọ́. Cyrus McCormick, tí ó ti gbé ẹ̀rọ ìkórè ọkà jáde ní 1831, a máa gbà kí àgbẹ̀ san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni í tajà àwìn fún ẹni tí kò ní ibùdó? Òfin 1862 ṣe ìrànwọ́ níbẹ̀: ẹni tí ó bá gbé orí ilẹ̀ ìjọba, tí ó sì ro ó fún ọdún 5, yóò gba 160 éékà pẹ̀lú ìwé. Ìwé yìí ni ó lè fi dógò. Kí a má sì gbàgbé pé àwọn onílẹ̀ àtayébáyé ni a lé kúrò kí ìjọba tó rí ilẹ̀ pín. Ìwé tí ó gbé ẹnìkan ró, òun ni ó sọ ẹlòmíràn di aláìnílé.

Ní tiwa, ọjọ́ 29 oṣù Mááṣì, 1978 ni ìjọba ológun gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Ó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ Gómìnà. Ní ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ lè fún ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ti oko kò gbọdọ̀ ju 500 hẹ́kítà lọ, àfi bí Gómìnà bá fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó ti ń ro oko rẹ̀ kí òfin tó dé sì ní ẹ̀tọ́ láti máa ro ó lọ. Ẹ̀tọ́ wà, ìwé ni ó ṣọ̀wọ́n.

Nígbà tí ó di 2005, àwọn àgbẹ̀ 13 láti Sìmbábúwè, tí wọ́n ti pàdánù ilẹ̀ nílé wọn, wá tẹ̀dó sí Ṣóńgà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu. Ìjọba ìpínlẹ̀ fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní nǹkan bí 1,000 hẹ́kítà. Báǹkì bá wọn dá sí i. Katakata sì tẹ̀lé e. Àwọn tí ó ti ń ro ilẹ̀ náà ní láti ṣí fún wọn. Òfin ní kí a sanwó irè oko àti ilé tí ó wà lórí ilẹ̀, kí a sì wá ilẹ̀ mìíràn fún àgbẹ̀. Kò ní kí a sanwó erùpẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni erùpẹ̀ ni ogún tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Ilẹ̀ ni ọwọ́ kìn-ín-ní, ẹ̀rọ ni èkejì. Ẹni tí ìwé ilẹ̀ rẹ̀ bá mọ́ ni báǹkì ń dá lóhùn, òun náà ni ẹ̀rọ yóò bá nílé.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, nígbà ìsinmi, ẹ bá bàbá yín rìn yí ààlà oko ká. Ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó bá a pààlà sílẹ̀, kí ẹ pe ẹlẹ́rìí sí i, kí ẹ sì bá a gbé e dé ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ka òfin náà fún àwọn òbí ní èdè tí wọ́n gbọ́. Kí àwọn àgbẹ̀ sì para pọ̀ ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí ẹ̀rọ tí agbára ẹnìkan kò ká lè di ti gbogbo wọn. Bí a kò bá ṣe èyí, ẹ̀rọ Ìdọ̀fìàn yóò máa kọjá níwájú ilé wa lọ sí oko ẹlòmíràn.